Yàrá Yèyé ní Ìdó

"Tẹ́ símẹ́ńtì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má tẹ́ ẹ sínú yàrá o." Ìkìlọ̀ tí bàbá onílé kan ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan nìyí, òun ló sì mú kí n kọ̀wé yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn ìsìn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkọ̀lé, bí ẹni ń dá àpárá. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba bàbá náà pé bí òun bá ti tẹ́ símẹ́ńtì tán, òun yóò sọ pé ilé ti di tòun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í léèrè pé ta ló ti ń sùn nínú yàrá náà kí wọ́n tó fún un. Ó ní òun kò bèèrè. Pé owó rẹ̀ kò wọ́n, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oyún rẹ̀ ti hàn. Èmi náà ti gba irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Mo fẹ́ kọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nígbà tí àwọn òyìnbó ń ja ogun wọn, ọkọ̀ òkun tí ń kó kòkó lọ kò wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé ní sítọ́ọ̀ kan tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Ìkọ̀lé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti sítọ́ọ̀ náà pa, wọ́n dín owó oṣù rẹ̀ kù, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sí sítọ́ọ̀ wọn ní Ìdó. Ní Ìkọ̀lé, ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ ni a ń gbé, a kì í sanwó. Ní Ìdó, kò sí ilé fún akọ̀wé. Àwa fúnra wa ni yóò wá a.

Ọmọbìnrin wa, òun nìkan ni a bí nígbà náà, ti ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì já geere lẹ́nu rẹ̀. Bí èéfín bá ti kàn án, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ètè rẹ̀ á sì ṣú. Ọkùnrin tó ń fún wa lóògùn ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa ti sọ fún mi pé oògùn tí òun ní fún un kò tó nǹkan; ohun tí òun lè sọ ni pé kí n má jẹ́ kí ó fa èéfín àti eruku símú, kí n má sì jẹ́ kí ó sùn síbi tó tutù. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí bí òfin. Nítorí náà, ibi tí ọmọ mi yóò ti lè mí ni mò ń wá ní Ìdó, ní iye tí akọ̀wé tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù lè san.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa nígbà náà yóò mọ̀ pé irú ibẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nínú agbo ilé, wọn kì í sábà gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá dé, á wọ̀ sọ́dọ̀ ẹnìkan, á máa kí baálé láràárọ̀, á sì gbé iṣu wá nígbà ọdún. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìjọ wa kan ni àwa náà kọ́kọ́ wọ̀ sí. Inú rẹ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n ilé ewé ni ilé rẹ̀, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń dáná, èéfín igi tútù kò sì rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde ju àárín ewé òrùlé lọ. Àwọn àgbà fẹ́ràn èéfín yẹn nítorí pé ó ń lé kòkòrò, kì í jẹ́ kí ewé tètè jẹrà. Èmi mọ èyí. Àyà ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ilé onípáànù wà létí títì. Àwọn tó ń ra kòkó ló kọ́ wọn nígbà tí ọjà ṣì dára, wọ́n sì ń gba owó ilé lórí wọn. Iye tí wọ́n pè fún yàrá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ọkọ mi ń gbà lóṣù. Ọkọ mi wo ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn náà títí, ó ní, "Ilé yìí dára. Àwa àti ebi la ó jọ máa gbé e."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti agbo ilé kan dé èkejì nìyẹn, ọmọ lẹ́yìn mi. Nínú ọ̀kan tó wà lẹ́yìn ọjà, mo rí yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, ó jìnnà sí àárò, wọ́n ti fi páànù bo apá ilé náà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí igi ọsàn kan. Mo bẹ baálé pé kí ó ṣí i fún mi. Àgbẹ̀ ni baálé, ó ga, ojú rẹ̀ sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí i, ó fẹ̀yìn ti òpó, ó ń wò mí.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri láti ibi tí ọwọ́ mi tó dé ìsàlẹ̀, bóyá ó rin. Mo gbóòórùn àwọn igun rẹ̀. Mo gbójú sókè wo páànù bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbi tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Mo wo ìdí ògiri bóyá ejò lè gbà á wọlé. Mo bèèrè ibi tí àgbàrá ń gbà lọ bí òjò bá rọ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi ti ilẹ̀kùn kí n lè mọ̀ bóyá èéfín àárò ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Baálé ní, "Ìyàwó Akọ̀wé, ṣé ulé lo fẹ́ gbà ni, àbí màlúù lo fẹ́ rà?"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó nítòsí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó gbọ́n. Ká ní ẹ yẹ̀ mí wò báyìí kí ẹ tó fẹ́ mi ni, ẹ̀ bá ti mọ̀ pé mò ń hanrun."

"Mo mọ̀. Bàbá rẹ dín owó rẹ kù fún mi ni."

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo bi baálé pé ta ló ti ń gbé inú yàrá náà.

"Yàrá Yèyé ni," ó dáhùn. "Ìyá tó bí mi. Ó wà lóko lọ́dọ̀ àbúrò mi."

Ibí yìí ni àṣìṣe mi wà, nítorí náà mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ń kà á. Ọgbà míṣọ́n ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọ, wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí mo sì dàgbà díẹ̀, mo lọ gbé nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó jìnnà sílé. Níbi tí mo ti dàgbà, bí ẹnìkan bá ti jáde nínú yàrá, yàrá ti ṣófo nìyẹn, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú baálé, ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ ní sísọ fún mi. Ọmọdé èyíkéyìí tí wọ́n bí sínú agbo ilé, bí wọ́n bá ti ní "yàrá Yèyé ni," ó ti mọ̀ pé oko ni Yèyé lọ, kò kó kúrò nílé. Ó ti mọ̀ pé bí ara Yèyé kò bá yá, yàrá yẹn ni wọn yóò gbé e padà sí, pé ibẹ̀ ni yóò kú sí, àti pé abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni wọn yóò sin ín sí, bí wọ́n ṣe sin ìyá ọkọ rẹ̀ sínú yàrá tirẹ̀. Mo bèèrè ejò, mo bèèrè àgbàrá. N kò bèèrè ìgbà tí Yèyé yóò dé. Owó tí baálé pè kéré púpọ̀ sí ti etí títì, mo sì rò pé àánú ọmọ mi ló ṣe é.

Ìgbà òjò kan gbáko ni a fi gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Àyà ọmọ mi fúyẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ó ń bá àwọn ọmọ ilé jà, ó sì ń pe gbogbo nǹkan ní "ulé mi," bí àwọn ará Ìdó ṣe ń pe ilé, títí kan adìyẹ baálé. Bí ilẹ̀ yàrá bá ti fẹ́ máa sán, ìyàwó baálé á gbé amọ̀ pupa tí ó ti pò mọ́ omi ewé wá, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ títí yóò fi máa dán. Mo ní kí ó jẹ́ kí n máa ṣe é fúnra mi, ó kọ̀. Èyí náà, àánú ni mo pè é.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, mo ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò baálé sì wọlé láti oko. Ó pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn bí ẹni pọn ìkókó. Ó kọjá lára mi tààrà, ó wọ yàrá wa, ó sì gbé ìyá náà lé orí ibùsùn wa. Mo tẹ̀lé e, omi ń kán lọ́wọ́ mi.

Ìyá arúgbó náà wo aṣọ tí mo ta sí ojú fèrèsé, ó wo àpótí wa, ó wá wo ọmọ mi.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Tèmi ni, Yèyé."

"Ìwọ ńkọ́, ta ló ni ọ́?"

"Àwa la gba yàrá yìí, Yèyé."

"Ẹ gbà á?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n wá. "Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò tíì kú, Yèyé."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n bèèrè."

Ìyàwó baálé ló fà mí sẹ́yìn ilé, tó ṣe àlàyé fún mi. Bí ojú mi ṣe rí yà á lẹ́nu ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yà mí lẹ́nu lọ. "Ẹnìkan kì í kú sí yàrá ẹlòmíràn, Ìyàwó Akọ̀wé. A rò pé o mọ̀. Ta ni kò mọ̀?" Wọ́n ti ń palẹ̀ yàrá mìíràn mọ́ fún wa. Òun ni ó fẹ̀yìn ti àárò, òun nìkan ló sì kù. Wọ́n bá wa kó ẹrù wa síbẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, bí ẹni ń gbé ìyàwó wọlé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àyà ọmọ mi ti tún ń dún. Mo fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi amọ̀ dí ojú ògiri tó sán, èéfín ṣì ń wọlé. Mo bẹ àwọn obìnrin ilé pé kí wọ́n máa dáná níta, wọ́n sì gbìyànjú. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ iná káàkiri, baálé sì dá wọn dúró kí wọ́n má baà jó àwọn ilé ewé ìtòsí. Mo tún lọ wo etí títì. Owó wọn kò tíì wálẹ̀.

Ọ̀nà kan wà, ọkọ mi ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Òfin ti wà nígbà náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sínú ilé mọ́. Wọ́n ti pín ilẹ̀ ìsìnkú sẹ́yìn ìlú. Wolé-wolé, òṣìṣẹ́ tó máa ń wọ ilé onílé yẹ ìkòkò omi àti ààtàn wò, ló ń ṣọ́ òfin yìí. Síbẹ̀, àwọn agbo ilé ṣì ń sin àgbà wọn sílé ní jẹ́ẹ́, aládùúgbò kì í sì í sọ̀rọ̀. Wolé-wolé a máa yà ní sítọ́ọ̀ bá ọkọ mi tàkúrọ̀sọ.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni," ọkọ mi wí. "Bí wolé-wolé bá ti kìlọ̀ fún wọn, wọn kò lè sin ín síbẹ̀ mọ́. Bí wọn kò bá lè sin ín síbẹ̀, wọ́n á gbé ìyá padà sóko, ọmọ wa á sì padà síbi tó ti ń rí èémí mí."

Mo ní kí ó má tíì sọ ọ́.

"Nítorí òkú ni ọmọ ṣe máa fa èéfín?"

"Ìyá náà kò tíì kú."

"Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kì í pamọ́ nínú agbo ilé. Ìyàwó baálé wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ ni wolé-wolé."

"Wọ́n kàn mọra wọn ni, Ìyá."

"Wọ́n mọra wọn. Ọ̀bẹ àti ẹran náà mọra wọn." Ó bá mi na aṣọ kan lórí okùn, ó tún igun rẹ̀ ṣe. "Kí lo fẹ́ ṣe sí wa?"

Mo sọ fún un pé n kò tíì mọ̀. Òtítọ́ ni mo sọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, èmi ni mò ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún Yèyé láàárọ̀, nítorí pé àwọn obìnrin ilé máa ń tètè lọ sóko. Ọmọ mi a máa yọ́ tẹ̀lé mi, kò sì fẹ́ jáde bí a bá ti wọlé. Lójú tirẹ̀, yàrá rẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ kan Yèyé tẹ́tí sí i.

"Ọmọ yìí ń mí bí ológbò tí eegun há lọ́fun."

Mo sọ ọ̀rọ̀ èéfín náà fún un.

"Ẹ̀yin náà ni ẹ wà nídìí èéfín? Tẹ́ ẹní rẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé níbẹ̀ yẹn. Èmi ni mò ń kú, yàrá kò kú."

N kò gbà lójú ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ọjọ́ díẹ̀ ṣọ́ ọ bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ara rẹ̀ ń gbóná, bóyá ó ní egbò. Ikọ́ kò ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú, ọkàn rẹ̀ ló sì ti rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i. Mo wá tẹ́ ẹní. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá Yèyé ni ọmọ mi ń sùn, èmi sì ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Àyà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí fúyẹ́.

Mo bi Yèyé léèrè ohun tí mo ní í bi í. Mo ní, "Yèyé, bí wọ́n bá sin yín sí ilẹ̀ ìsìnkú lẹ́yìn ìlú ńkọ́?"

"Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?" Ó ronú díẹ̀. "Níhìn-ín, bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, orí mi ni wọ́n ń gbá. Bí ọmọdé bá ṣubú, orí mi ló ṣubú sí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé yìí ní ìyàwó ni mo ti ń rẹ́ ilẹ̀ yìí. Ìwọ náà ti sùn síbẹ̀. Ṣé ó tutù?"

"Kò tutù, Yèyé."

"Mo mọ̀."

Mo rò ó nígbà náà bí ẹni ń yẹ ògiri wò. Bí a bá fi wolé-wolé gba yàrá, a ó gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a bá fi ẹjọ́ wọn sùn ni yóò yí wa ká nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èémí ọmọ mi bá há, tí ọkọ mi wà ní sítọ́ọ̀, àwọn ni n ó ké sí. Yàtọ̀ sí èyí, ìyá náà ti fún ọmọ mi láyè nínú yàrá rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó fi dandan mú un. N kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà ka èyí sí ohun kékeré. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí ó má sọ ohunkóhun. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo tún sọ fún ìyàwó baálé pé a kò ní sọ̀rọ̀. Kò dúpẹ́. Ó kàn gbé ọmọ mi lọ wẹ̀.

Yèyé kú ní ọ̀sán, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ọmọ mi ń sùn lórí ẹní lábẹ́ fèrèsé. Ìyàwó baálé ló rí i, kò pariwo. Ó gbé ọmọ náà sókè láìjí i, ó gbé e wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó ní, "Gbé e lọ síbi tí eruku kò sí." Lẹ́yìn tí mo ti gbà á ni mo gbọ́ tí ó ké.

Mo gbé ọmọ lọ sí Ìgbólé, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí a jọ lọ ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ mi dúró. Òun ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n sin ín ní jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wolé-wolé yà ní sítọ́ọ̀, ó ní, "Akọ̀wé, mo gbọ́ pé ẹ pàdánù àgbà kan ní agbo ilé yín. Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Ọkọ mi ní, "Kòkó ni mò ń wọ̀n. N kì í wọn ènìyàn."

Nígbà tí mo padà dé, baálé ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà fún wa. Wọ́n ti rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó ń dán, o kò lè mọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Ó ti gbẹ. Owó rẹ̀ kò yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wọlé. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, n kò ní bínú. Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe inú ulé bíi tiwa ni wọ́n bí yín sí."

Ọkọ mi wò mí. Àyè méjì ló wà fún ọmọ mi: ẹ̀yìn àárò, tàbí orí Yèyé. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ náà yíká. Ó gbẹ lóòótọ́. Ìyàwó baálé wọlé, ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà, kí n lè mọ ibi tí n ó gbé ibùsùn wa sí. Mo gbé e sí apá kejì. Ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé ni èémí ọmọ mi ti máa ń já geere jù lọ, abẹ́ fèrèsé náà sì ni Yèyé wà. Mo tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí fún ìgbà pípẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, wọn kò sì bi mí. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń wọlé wá bá Yèyé sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé obì àti oúnjẹ sílẹ̀, èmi á ká ẹní ọmọ kí wọ́n tó dé, màá sì tún un tẹ́ lẹ́yìn wọn. A gbé ibẹ̀ títí ọjà kòkó fi padà sípò tí wọ́n sì pe ọkọ mi padà sí Ìkọ̀lé. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Àyà rẹ̀ kì í sábà dún mọ́.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń wá yàrá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́wọ́: kí ẹ tó bèèrè owó, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó ni ín, ibi tí ó wà, bóyá yóò padà wá, àti ìdí rẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ má tẹ́ símẹ́ńtì síbẹ̀. Mo sì bẹ ẹ̀yin onílé pé kí ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àlejò ni wọ́n tọ́ dàgbà nínú agbo ilé. Bí ẹ bá sì ti gba yàrá tán kí ẹni tó ni ín tó dé, ẹ jọ̀wọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.